Èmi Ni Mo Pa Adìyẹ Màmá, Mi Ò Sẹ́

Ẹ káàbọ̀, Àǹtí, ẹ kú ìrìn, ẹ jókòó, àga yẹn ni kẹ́ ẹ jókòó lé o, ẹ fi ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lára tìmùtìmù ẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọgbọ́n bi mí pé ṣé àlàáfíà la wà, torí mo mọ ohun tó gbé yín kúrò nílé yín láàárọ̀ kùtù! Àbúrò yín ti pè yín. Ó ti sunkún sí yín létí lórí fóònù. Ó ní ìyàwó òun fọwọ́ ara ẹ̀ ṣẹ́ adìyẹ Màmá lọ́rùn, ó ní ọ̀dájú lòun ń bá gbélé láti ọjọ́ yìí tóun ò mọ̀, ó ní òun ò lè fojú kan ọwọ́ mi mọ́, áńbọ̀sìbọ́sí kóun jẹun tí mo fi ọwọ́ náà sè. Àbí irọ́ ni mo pa? Hẹ̀n-ẹ́n! Bó ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn, torí ẹnu kan náà ló fi sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀, ẹnu náà ló fi sọ ọ́ fún bàbá onílé, ó kù díẹ̀ kó gbé e lọ sórí rédíò.

Èmi ni mo pa á, Àǹtí. Mi ò sẹ́. Ọwọ́ méjèèjì yìí ni mo fi pa á, ẹ wò wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ẹ̀yin sì kì í ṣe òṣìkà, torí náà ẹ jẹ́ kí n ro tèmi kí ẹ tó lanu.

Ṣé ẹ rántí adìyẹ yẹn ṣá? Ẹ ò lè má rántí ẹ̀, òun ló yàgbẹ́ sórí báàgì yín níjọ́sí tí Màmá fi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mádàámù! Màmá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ìrìn ẹ̀ ló jọ ti ìyàwó ọ̀gá tó wá yẹ ilé wò. Ọmọlanke ló tẹ ìyá ẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pa lójú títì, òun nìkan ló ṣẹ́kù tó ń ké fíofío, Màmá ṣa á, ó fi sínú páálí, ó gbé e sábẹ́ ibùsùn ẹ̀, bó ṣe dọmọ ilé nìyẹn o. Tí Màmá bá lọ sí ilé ìyàgbẹ́, á tẹ̀lé e, á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ. Tí Màmá bá ń gbàdúrà, á dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí Màmá bá wá ní “àmín”, òun náà á ní “kòòò”, bí ẹni pé òun ló ń fọwọ́ sí i.

Nígbà tí Màmá kú, adìyẹ yìí wá a, Àǹtí. Ó wá a. Ó ń wọ yàrá yẹn, ó ń jáde, ó ń wo abẹ́ ibùsùn, nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó wá jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ mi. Èmi ò pè é o! Ibi tí mò ń fẹsẹ̀ tẹ̀ gan-an ló yàn, tí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ, á máa lọ sókè, á máa lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó wọkọ̀ ojú omi. Àwọn oníbàárà mi, kí wọ́n tó kí èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù, “Mádàámù ńkọ́?” Tẹ́nì kan bá sì wá pariwo lé mi lórí pé aṣọ tí mo rán fún òun fún jù, tó jẹ́ òun ló sanra lẹ́yìn tí mo wọ̀n ọ́n, Mádàámù á jáde lábẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á ṣá a lẹ́sẹ̀ ṣàú! Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹnìkejì níṣẹ́, ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Àbúrò yín wá ń sọ kiri pé mo kórìíra adìyẹ ìyá òun. Ẹ bi í pé ta ló ń bọ́ ọ! Ẹ bi í pé ta ló ń gbá ìgbẹ́ ẹ̀! Kó sọ ọjọ́ kan ṣoṣo tó fọwọ́ kan ìgbálẹ̀!

Ìgbà tí àìsàn wá dé, ta ló kọ́kọ́ rí i? Èmi ọ̀dájú náà ni. Ikùn ẹ̀ wú, ó le bí bọ́ọ̀lù, ó wá ń ya ẹsẹ̀ dúró bí aboyún tó ń dúró de ọkọ̀. Kò lè gun ibi ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀rọ mọ́, èmi ni mò ń gbé e lé e. Ogbe orí ẹ̀ tó máa ń pọ́n wẹ̀ẹ̀ di àwọ̀ eérú. Ó ń lanu mí. Bàbá onílé yọjú wò ó, ó mi orí, ó ní kí ló dé tá a fi fẹ́ jẹ́ kí ẹran ṣòfò, ìkòkò ò ṣáà mọ ẹran tó ṣàìsàn yàtọ̀. Àǹtí, mo gbé àlùmọ́gàjí mi sókè, mo wo ojú ẹ̀. Ló bá rántí pé òun gbé nǹkan kaná.

A gbé e dọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Àbúrò yín ló gbé e, ó fi aṣọ ìnura ẹ̀ wé e, ó ń ya àwọn èèyàn tó tò síwájú wa sọ́tùn-ún sósì bí ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ ń rọbí, “Ẹ yàgò! Ẹ yàgò lọ́nà! Sájẹ́ńtì ni mí!” Ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ sójà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ fún un. Àwọn tó gbé ajá wá ń wò wá, àwọn ajá pàápàá ń wò wá. Dókítà náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn ẹ̀ tutù, ó fọwọ́ tẹ ikùn adìyẹ náà jẹ́jẹ́, ó fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ jáde níbẹ̀, omi náà dà bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́, ó ń rùn. Ó wò wá lójú, ó ní ẹyin ló fọ́ sínú, ó ti jẹrà níbẹ̀, ó ti ba gbogbo inú jẹ́, oògùn ò lè dé ibẹ̀ mọ́, ọ̀bẹ ò sì lè dé ibẹ̀. Ó ní inú ìrora ńlá ni adìyẹ yìí wà, pé wọn kì í pariwo ni, wọ́n máa ń mú un mọ́ra. Ó ní àánú tó kù tá a lè ṣe é ni ká jẹ́ kóun gún un lábẹ́rẹ́ kan, á sùn, kò ní mọ nǹkan kan, á sì parí. Omi ti gbà mí lójú, Àǹtí, ṣùgbọ́n mo ní, “Ẹ ṣeun, dókítà, ẹ bá wa ṣe é.” Mo wá na ọwọ́ kí n fi pa orí ẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àbúrò yín ní, “Sùn bíi ti báwo?”

Dókítà ní, “Sùn láìní jí mọ́, sà.”

Yéè! Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti já adìyẹ gbà lórí tábìlì, ó ti bẹ́ jáde, aṣọ ìnura ń wọ́ tuurutu tẹ̀lé e, ajá kan já mọ́ olówó ẹ̀ lọ́wọ́, ó gbá tẹ̀lé e. “Ẹnikẹ́ni ò ní gún ìyá mi lábẹ́rẹ́ pa!” Ìyá ẹ̀! Ó pe adìyẹ ní ìyá ẹ̀! Níwájú gbogbo èèyàn!

Ẹ̀yin náà ẹ wá rò ó wò. Ọkùnrin bọ̀kọ̀tọ̀, ó gbá adìyẹ mọ́ àyà, ó ń sáré kútúpà-kútúpà lójú títì lọ́sàn-án gangan, ajá ń lé e, obìnrin kan, èmi nìyẹn, ń sáré lẹ́yìn ajá, ó ń ké pé “Ẹ bá mi dá a dúró!” Kí lẹ rò pé àwọn èèyàn máa rò? “Olè! Olè adìyẹ rè é o!” Kí n tó débẹ̀, ọkùnrin tó ń lẹ táyà ti fún un lọ́rùn ẹ̀wù, ìyá kan ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ kan. Ó ń pariwo, “Sájẹ́ńtì ni mí! Sájẹ́ńtì ni mí!” Wọ́n ní òótọ́ ni, Sájẹ́ńtì àwọn olè. Èmi tí wọ́n ń pè lọ́dájú yìí, èmi ni mo mí hẹlẹhẹlẹ débẹ̀, èmi ni mo kúnlẹ̀ nínú eruku, “Ẹ dákun, ọkọ mi ni, adìyẹ wa ni, ara ẹ̀ ni ò yá.” Ìyá oníbàtà yẹn ní, “Ara ta ni ò yá, ti adìyẹ ni àbí ti ọkọ?”

Ẹ gba omi mu. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rín pa yín, kí n má bàa jẹ́jọ́ yín mọ́ ti adìyẹ.

A délé, ó ní òun fúnra òun lòun máa tọ́jú ẹ̀. Ó dáa! Ó fi ṣíbí kán omi sí i lẹ́nu. Adìyẹ náà wúkọ́, orí ẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè gbé e padà. Kíá, àbúrò yín ti dìde: “Mò ń lọ ra bátìrì.” Bátìrì kí ni? Kí la fẹ́ fi bátìrì ṣe? Rédíò tó máa ń lò ó ti bàjẹ́ ó ti gbó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ jọ mu ọmú kan náà, tí nǹkan bá ti fẹ́ kú nílé yìí, bátìrì ló máa ń tán lójijì.

Láti ìgbà yẹn, èmi ni. Èmi ni mò ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu ìdí ẹ̀, torí ìgbẹ́ ti lẹ ìyẹ́ pọ̀, eṣinṣin sì ti ń mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èmi ni mò ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Tí mo bá jókòó ránṣọ, mo máa gbé e lé itan mi torí pé òtútù ń mú un. Yàtọ̀ sí ikùn yẹn, ó ti fúyẹ́, ó fúyẹ́ bí kẹ̀kẹ́ òwú tí òwú ti tán lára ẹ̀. Tí mo bá pè é, á la ojú kan. Ojú kan péré. Ó jọ pé ìkejì ti wúwo jù fún un. Àbúrò yín á wọlé láti ibi tó ti lọ rajà, á na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà, “Ó ti ń gbádùn, àbí?” Mo ní kó wá wò ó. Ó ní rárá, òun ń rí i láti ibi tóun wà.

Mo yọ́ gbé e padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n ní ó ti rìnrìn àjò. Mo pè é lórí fóònù. Ọlọ́run á bá mi kẹ́ obìnrin yẹn, ó dá mi lóhùn, ó gbọ́ mi jálẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ lè ṣe é fúnra yín, kò ní dùn ún tẹ́ ẹ bá ṣe é kíákíá.” Ó ṣàlàyé bí mo ṣe máa dì í mú, bí mo ṣe máa fa ọrùn ẹ̀ gùn, kí n sì ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní ohun tó ń dá wọn lóró ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ kó wá máa ṣiyèméjì. Mo dúpẹ́, mo sunkún mi tán lójú ọ̀nà, mo nujú, mo wá sọ fún ọkọ mi bó ṣe yẹ kí aya sọ fún ọkọ.

Háà, Àǹtí, ká ní ẹ rí i! Ó dìde dúró ṣánṣán. Ó wọ bàtà sójà. Ó ní, “Obìnrin kọ́ ló ń ṣe irú èyí. Èmi lọkùnrin ilé. Mo ti rí ikú lójúkorojú.” Ibo ló ti rí ikú? Ilé ìdáná àwọn sójà ni wọ́n fi í sí, òun ló ń pín búrẹ́dì! Ṣùgbọ́n mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí lára, ẹ má bínú, inú mi dùn, mo ní ọkọ mi ti dé. Mo fi àjákù aṣọ rírọ̀ kan wé Mádàámù, mo fẹnu kò ó lórí, mo gbé e fún un, ó gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ó ṣe díẹ̀, ó padà wọlé, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, kò wò mí lójú. Ó ní, “Ó ti parí.” Mo ní, “Ibo lẹ sin ín sí?” Ó ní, “Má bi mí mọ́, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni.” Mo sunkún, mo dá iṣẹ́ dúró, mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ. Mo bu oúnjẹ fún un, mo tún fi ẹran kún un, torí mo rò pé ohun tó ṣe wúwo. Àǹtí, ó jẹ ẹ́! Ó jẹ ẹran náà, itan adìyẹ ni o, ó fọ eegun ẹ̀, ó fà á mu, ó wá jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ láti lọ gba ẹ kú ìrọ́jú.

Lọ́sàn-án, mo lọ sá aṣọ sẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ ìró kan. Kékeré. Mo rò pé ilẹ̀kùn ló ń dún. Mo tún gbọ́ ọ. Mo wo ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi.

Ó wà níbẹ̀, Àǹtí. Ó wà láàyè. Nínú páálí, àbúrò yín fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ ara ẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Àti pé, ẹ gbọ́ èyí, ó gbé ife omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún wọ́n àgbàdo sí i. Àgbàdo! Fún ẹran tí kò lè gbé orí! Oòrùn ti yí dé ibẹ̀, èèrà ti tò wọ inú páálí, wọ́n wà lójú ẹ̀, wọ́n wà lábẹ́ apá ẹ̀. Látàárọ̀! Látàárọ̀ tí mo ti ń sunkún òkú ẹ̀, ó wà níbẹ̀ tó ń kú díẹ̀díẹ̀, àbúrò yín wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n ń kí i pé ẹ̀yìn á dáa!

Alápatà ìsàlẹ̀ ilé wa ló tú àṣírí fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní àbúrò yín kò tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ wò, ọ̀dọ̀ òun ló gbé e wá tààrà, ó ń bẹ òun. Alápatà náà kọ̀. Ẹni tó ń dá màlúù dé ilẹ̀ lójoojúmọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ò gbẹ lára bàtà ẹ̀! Ó ní, “Ìyá aránṣọ, mi ò lè pa ẹran tí mo mọ orúkọ ẹ̀. Ó máa ń kí mi láàárọ̀.” Ẹ rí àwọn ọkùnrin? Ẹ rí àwọn akin tó yí mi ká? Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ, wọ́n wá fi èmi ṣe ẹni tó máa gé okùn.

Mo gbé e. Mo ṣa èèrà yẹn kúrò lára ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, mo gbé e lé itan. Ó la ojú kan yẹn. Mo ní, “Mádàámù, ẹ má bínú, ẹni tí kò lè jẹ́ iṣẹ́ yín ni mo rán.” Mo ní kó bá mi kí Màmá. Mo fi àtàńpàkò pa abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ jẹ́jẹ́ bí Màmá ṣe máa ń ṣe, títí ó fi di ojú náà. Mo wá ṣe é. Mo fa, mo ṣẹ́ ẹ. Mi ò ṣiyèméjì. Dókítà sọ òótọ́, kò tó ìgbà téèyàn fi ń gé òwú. Apá ẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ó sì dákẹ́, gbogbo ìnira yẹn kúrò lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Àǹtí, mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ mi, bí ìgbà téèyàn bá tú okùn tó ti há jù. Mo fà á mọ́ra, mi ò tíì dìde láti gbẹ́ ilẹ̀ tí mo máa sin ín sí.

Ibi tí mo ti jókòó pẹ̀lú ẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n ti wọlé. Àbúrò yín ló ṣíwájú, onígbàjámọ̀ àti alápatà tẹ̀lé e, wọ́n wá kí èmi náà kú ìrọ́jú, wọ́n tiẹ̀ ṣí fìlà. Àbúrò yín rí mi. Ó rí adìyẹ. Ó fọwọ́ lérí, ó figbe ta: “Yéè! Ó ti pa á o! Ó ti pa adìyẹ ìyá mi!”

Onígbàjámọ̀ yí ojú sí i, ó ní, “Sájẹ́ńtì, ṣé èyí tó o sin láàárọ̀ nìyí, àbí ó ní ìkejì?”

Àǹtí, mo rẹ́rìn-ín. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí. Òkú wà lọ́wọ́ mi, omi wà lójú mi, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi kúrò lórí òkúta. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn ún, kì í ṣe adìyẹ! Láti ọjọ́ náà ló ti kó aṣọ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, orí bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi ń dúró de abẹ ló ń sùn, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá fárí pé ọ̀dájú ni mí, pé mo pa adìyẹ mo tún fi rẹ́rìn-ín.

Kí lẹ wí?

Rárá, ẹ tún un sọ. Ẹ ní kí n lọ tọrọ àforíjì? Kí ọ̀rọ̀ lè tán? Torí pé ọkùnrin ni, ìyá ẹ̀ ló sì ni adìyẹ?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ Màmá nígbà náà, mi ò fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ gbé e wá. Lọ́jọ́ tí Màmá ń lọ, níbo ni ọmọ ẹ̀ wà? Ó lọ ra bátìrì! Ẹ̀yin ńkọ́, Àǹtí? Mi ò bú yín o, ẹ jìnnà, iṣẹ́ há yín mọ́lẹ̀, mo mọ̀, ẹ ń pè lórí fóònù ṣáá, “Ṣé ó ti jẹun? Ẹ fún un ní nǹkan gbígbóná.” Ó ti pẹ́ tí kò lè gbé nǹkan mì. Èmi ni mò ń fi òwú tútù pa ètè ẹ̀. Ó bi mí léèrè, “Ọmọ mi dà?” Mo ní, “Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, Màmá, ó ń bọ́ bàtà.” Ó tún bi mí, mo tún ní ó ń bọ́ bàtà. Màmá yín wá wò mí báyìí, ẹ mọ bó ṣe máa ń wo èèyàn, ó ní, “Bàtà wo ló ń bọ́ látàárọ̀, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ pé ogún ni?” Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bá lọ. Ọwọ́ yìí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọwọ́ ọ̀dájú yìí náà ni mo fi pa ojú ẹ̀ dé, mo sì jókòó tì í títí ẹ̀yin ọmọ fi dé tí ẹ wá ń ké yéè.

Mi ò sọ ọ́ rí. Mi ò bá tí sọ ọ́. Ẹ má sunkún bẹ́ẹ̀. Ẹ gba, ẹ fi àjákù aṣọ yìí nujú, ó mọ́.

Mi ò bínú sí i torí pé ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà! Ta ni ẹ̀rù kì í bà? Kó sọ pé ẹ̀rù ba òun, kó gbé e lé mi lọ́wọ́, kó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tán! Ohun tí mi ò lè gbà ni pé kó sá, kí n bá a ṣe é, kó tún padà wá wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ apànìyàn. Ẹni tó gbé ẹrù ni wọ́n ń bú pé ó ń làágùn!

Torí náà, èmi ò tọrọ àforíjì kankan. Ẹ gbé fóònù yẹn, ẹ pè é, ẹ sọ tèmi fún un. Kó dìde lórí bẹ́ǹṣì yẹn lójú gbogbo àwọn tó ń fárí, kó sọ fún wọn pé ìyàwó òun kì í ṣe ọ̀dájú, òun lòun sá. Kó wá palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́ kó padà wálé. Ẹ wá sọ fún un pé tó bá di ọjọ́ tèmi, tí mo bá ń lọ, kò ní ṣe nǹkan kan o, kò ní fún mi lóògùn, kò ní sọ̀rọ̀ akin, kó ṣáà jókòó, kó di ọwọ́ mi mú, kó sunkún bó bá ṣe wù ú. Tó bá sì tún sá lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí, mo fi Ọlọ́run búra, màá dìde lórí ibùsùn ikú, màá wé gèlè mi, màá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, màá fa àbúrò yín jáde tòun ti ìdajì orí tí wọn ò tíì fá, màá mú un wálé, màá fi í jókòó sórí àga, màá di ọwọ́ ẹ̀ mú ṣinṣin, ìgbà yẹn ni màá tó padà dùbúlẹ̀ kú!

Ẹ̀rín kọ́ nìyẹn, ẹ pè é!